Aṣọ Fàdákà fún Ẹsẹ̀ Màámi

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje, 2025

N kì í kọ nǹkan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ àfi iṣẹ́ lábù. Ṣùgbọ́n bí n kò bá rí ibi kó ọ̀rọ̀ yìí sí, orí mi á fọ́.

Dókítà ní Òṣogbo kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ lónìí. Ó ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún Màámi kiri, ó ń bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n, Màámi ń dáhùn pé rárá, inú wọn sì ń dùn bí ẹni tó ń yege ìdánwò. Ibi tí kò dùn wọ́n yẹn gan-an ni wàhálà wà. Àtọ̀gbẹ ti sọ ẹsẹ̀ náà di igi. Nígbà tí a ń jáde, ó pè mí padà, ó ní bí egbò àtẹ́lẹsẹ̀ yìí kò bá yọ ẹran pupa kí oṣù Kẹjọ tó parí, gígé ló kù. Ó ní kí n tètè máa mú ọkàn le.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ bọ̀ wá sí Ẹ̀jìgbò, Màámi sùn lé mi léjìká. Òórùn egbò náà gba ọkọ̀ kan. Obìnrin tó wà níwájú wa fi gèlè bo imú. Ó wù mí kí n bá a jà, ṣùgbọ́n ó ń wu èmi náà kí n bo imú tèmi.

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje

Mo padà sí lábù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo ń wo iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti èṣí, ó sì dà bíi pé ẹnì kan gbá mi létí. Aṣọ egbò ni mò ń ṣe. Fọ́nrán náánò, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ fíìfíì, tí a fi hóró fàdákà tí ojú kò lè rí kùn lára kó lè máa pa kòkòrò àrùn. Àwọn kòkòrò tí oògùn ọsibítù kò ràn mọ́, bí mo bá gbé ègé aṣọ yẹn sáàárín wọn nínú àwo ìdánwò, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n á ti sá kúrò, òrùka mímọ́ kan á sì yí i ká. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti wọn òrùka yẹn fún máàkì lásán, tí ìyá mi sì jókòó sílé pẹ̀lú egbò.

Mo béèrè lọ́wọ́ Dókítà Bọ́látitó, ọ̀gá mi, ìgbà tí a lè lò ó fún ènìyàn. Wọ́n ní eku ni a ó kọ́kọ́ fi dán an wò, ìgbìmọ̀ á wá jókòó, ó lè di ọdún tó ń bọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Keje

Òjò láti àárọ̀, iṣẹ́ ò ṣe. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kò ju pé kí páúdà tó ń di fọ́nrán, tí mo ti fi omi sè tó ki bí ògì, jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́, kí iná fà á tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì gbẹ kó tó balẹ̀ sórí fọ́ìlì. Nínú ọ̀rinrin báyìí, kì í gbẹ. Ó kàn ń kán tó, tó, tó bí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Mo pa ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí mo pa á tán ni iná ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Keje

Òjò.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje

Ìgò kékeré nítíréètì fàdákà, iyọ̀ tí a ti ń rí hóró fàdákà, ti di ìlọ́po méjì iye tí mo rà á lọ́dún tó kọjá. Ìdajì ni mo rà. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹfinrin tó hù sẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀fẹ́ nìyẹn. Mo sè é, mo sẹ́ ẹ, mo da fàdákà sí i. Omi náà kọ́kọ́ rí bíi tíì, ó wá ń ṣú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí bí àgbo. Ìgbà tó bá ń ṣú yìí ni hóró fàdákà ń di ara rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ nìkan ni inú mi máa ń dùn sí láìnídìí.

Jímọ̀, 18 Oṣù Keje

Oòrùn! Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n pe ìrun Jímọ̀, kò kán rárá. Mo ká aṣọ náà kúrò lórí fọ́ìlì, ó fẹ̀ tó àtẹ́wọ́ mẹ́rin, ó fúyẹ́ débi pé èémí mi ń gbé e. Mo gé e sí wẹ́wẹ́, mo kó o sínú àpò ìwé mímọ́. Dókítà Bọ́látitó kò sí níbẹ̀. Ọ̀la, Ẹ̀jìgbò.

Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Keje

Mo fi bò ó. Màámi kọ́kọ́ gba ègé kan, wọ́n fi ìka rà á wò bí wọ́n ṣe máa ń fi ìka ra ankárá wò ní ọjà Àjámé, ní Àbíjáǹ, níbi tí wọ́n ti dàgbà sídìí aṣọ títà. Wọ́n ní aṣọ yìí kò nípọn, kò sí oníbàárà tí yóò san nǹkan gidi lé e. Mo ní fàdákà ló wà nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa wọ inú egbò, yóò máa pa kòkòrò ibẹ̀.

"Fàdákà nínú ẹsẹ̀ mi," ni wọ́n wí. "Kí olè má gbọ́ o."

A rẹ́rìn-ín títí. Mo fi ègé tó kù sílẹ̀, mo kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa pààrọ̀ pánsímọ̀, orúkọ tí ará Àbíjáǹ ń pe aṣọ egbò, nítorí bí mo bá pè é ní nǹkan mìíràn wọ́n á ní mò ń ṣe fáàrí. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí omi kàn án. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Jamaldeen, àbúrò mi tó ń lẹ táìsì sílẹ̀ ilé, ní bí ó bá ṣiṣẹ́, òun á lẹ táìsì ilé mi lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá kọ́lé. Mo ní kó lọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Keje

Òórùn ti dínkù. Mi ò parọ́. Mo tú báńdéèjì, mi ò rí aṣọ náà mọ́ rárá, kò ku ẹyọ kan. Màámi ní, "Ó ti wọlé." Wọ́n ní bí àwọn bá ti fi sí i, bó bá ṣe díẹ̀ àwọn kì í rí i mọ́, ara ti gbà á. Inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n wa, Ràshídátù, ní Àbíjáǹ. Ó sunkún lórí fóònù. Mo ra ẹja tútù bọ̀ láti ọjà.

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹjọ

Aṣọ tún ti wọlé. Òórùn kò padà. Ṣùgbọ́n ẹran pupa kò yọ, ẹ̀gbẹ́ egbò sì funfun, ó hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀. Mo rò pé omi ara egbò ni. Mo fi aṣọ tó nípọn díẹ̀ sí i.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ

Dókítà Bọ́látitó ka àwọn aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kò pé. Wọ́n bi mí, mo sì jẹ́wọ́ pé ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo fi í wò. Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé bí nǹkan bá ṣe obìnrin yẹn, kò sí ẹni tí yóò gbà pé ìfẹ́ ló mú mi ṣe é. Wọ́n ní kí n dá a dúró. Mo ti gbá ilẹ̀kùn mú kí wọ́n tó tún pè mí.

"Ṣé ó ń yọ ẹran pupa?"

Mo ní kò tíì yọ, mà. Wọ́n mi orí, wọ́n padà sídìí kọ̀ǹpútà wọn. Wọn kò gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹjọ

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí.

Tiransífọ́mà lábù jó láná, wọ́n ní kí a máa lọ sílé. Àbámẹ́ta ni mo máa ń wálé, wọn kò retí mi. Mo gba ẹ̀yìn ilé wọlé lásìkò Àláásárì. Màámi jókòó lórí àpótí létí gọ́tà, búútà wà lọ́wọ́ wọn, báńdéèjì wà lórí orúnkún. Wọ́n da omi sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n fi ọwọ́ rà á dáadáa títí dé àárín ọmọ ìka, wọ́n tún dà á. Aṣọ mi yọ́ lójú mi. Ó kọ́kọ́ fà bí ọbẹ̀ ilá, ó wá bá omi lọ sínú gọ́tà.

Omi ni mo fi sè é. Ta ló yẹ kó mọ̀ ju èmi lọ pé omi ni yóò yọ́ ọ? Èmi náà ń fọ ẹsẹ̀ mi fún ìrun lójoojúmọ́, n kò fi ìgbà kan rò ó.

"Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Àlùwàlá. Ṣé o ò rí i ni?"

Mo ní ṣebí mo ní kí omi má kàn án. Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ òpè. Wọ́n ní omi ìwẹ̀ ni àwọn rò pé mò ń sọ, àwọn sì ti ń yọ ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ bí àwọn bá ń wẹ̀. Ti àlùwàlá yàtọ̀. Ta ló gbọ́ pé omi àlùwàlá ba nǹkan jẹ́ rí?

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Mo rò pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ń ṣe é lójúmọ́. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà ní Àjámé, bí oníbàárà bá dúró, wọ́n á jẹ́ kí ìrun kọjá. Ní báyìí wọ́n ń kí gbogbo èyí tó kọjá padà, lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ṣe àlùwàlá tuntun fún un. Mo ní Ọlọ́run gbà kí aláìsàn fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

"Mùtmàínà, ẹsẹ̀ yìí ni mo fi dúró ti ọjà nígbà tí wọ́n ń pe ìrun. Ṣé òun náà ni kí n gbé wá síwájú Ọlọ́run ní gbígbẹ?"

Mo ká báńdéèjì náà kúrò lórí orúnkún wọn, mo nu ẹsẹ̀ náà gbẹ, mo wé e. Inú ń bí mi sí wọn, inú ń bí mi sí ara mi, àánú wọn sì ń ṣe mí, mi ò mọ èwo ni kí n gbé jù sílẹ̀.

Jímọ̀, 15 Oṣù Kẹjọ

Alfa Gàníyù yà wá kí Màámi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n lówùúrọ̀. Wọ́n fara balẹ̀ ṣàlàyé fún Màámi pé ẹ̀sìn kò sọ pé kí ènìyàn ṣe ara rẹ̀ léṣe, wọ́n ní bí kò bá tilẹ̀ sí omi, iyẹ̀pẹ̀ tó. Màámi ń mi orí, wọ́n ń ní bẹ́ẹ̀ ni Alfa, wọ́n fún Alfa ní sàráà àti àdúrà. Nígbà tó di Àláásárì, Màámi gbé búútà. Jamaldeen gba búútà, ó gbé e pamọ́. Wọ́n fi kọ́ọ̀pù ṣe é.

Àìkú, 17 Oṣù Kẹjọ

Mo ti rò ó títí. Màámi kò ní fi omi sílẹ̀. Aṣọ náà ni kí n wá ṣe kó má bẹ̀rù omi. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù nínú oṣù tí dókítà dá.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹjọ

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Dókítà Bọ́látitó. Mo rò pé wọn yóò lé mi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín tí kì í ṣe ẹ̀rín, wọ́n ní gbogbo ìwé tí àwọn ti kọ lórí aṣọ egbò, kò sí èyí tí àwọn ti kọ àlùwàlá sí. Wọ́n ní kí n po ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ ọn kí n tó fà á, bí mo bá ṣe tán kí n yan án nínú iná tó gbóná dáadáa, fọ́nrán náà á so mọ́ra, omi kò ní lè tú u mọ́. Wọ́n yá mi ní jẹnẹrétọ̀ ilé wọn fún ẹ̀rọ fífà. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ náà kò lè gbé ààrò lábù.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹjọ

Mo rí ààrò mìíràn ní Ẹ̀jìgbò: ilé búrẹ́dì Bàbá Peculiar, lọ́nà Másífà. Àgbà ìjọ ni wọ́n, wọn kò mọ̀ mí rí, wọ́n ṣáà gbọ́ pé ẹsẹ̀ ìyá ẹnì kan ni. Wọ́n ní kí n dúró kí búrẹ́dì àárọ̀ jáde. Mo ti aṣọ mi bọ inú ààrò tí wọ́n fi igi dá, lórí páànù búrẹ́dì. Kí n tó ka ìwọ̀n ooru, ó ti dúdú. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti ṣúgà tó jó. Bàbá Peculiar fi ọ̀bẹ ha á kúrò lára páànù, wọ́n ní kí n má ṣe jẹ́ kó dùn mí, búrẹ́dì náà máa ń jó.

Jímọ̀, 22 Oṣù Kẹjọ

Èyí kò jó. Mo rẹ ẹ́ sínú omi lówùúrọ̀, mo ń yọjú wò ó bí ẹni tó ń se ẹyin. Ó di ọ̀sán, ó wà. Ó di ìrọ̀lẹ́, ó ti di ọbẹ̀ ilá. Iná kò tó.

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹjọ

Ara Màámi gbóná. Ọmọ ìka tó kéré jù ti dúdú, ìyẹn tó tẹ̀ lé e ti ń pọ́n dòdò. Mo ní kí a máa lọ sí Òṣogbo lónìí, wọ́n ní kí n jẹ́ kí ó di Ọjọ́bọ̀. Ràshídátù pè láti Àbíjáǹ, ó ní kí a gbé wọn wá, àwọn dókítà Faransé wà níbẹ̀. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Ta ni yóò gbé wọn gba gbogbo ẹnu bodè yẹn? Màámi ṣì ń da omi sí ẹsẹ̀. Mo ti ṣíwọ́ bíbá wọn jà, mo kàn ń nù ún gbẹ lẹ́yìn wọn.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹjọ

Ó ṣe é ṣe. Èyí tí mo yan nínú iná tó gbóná sí i ni. Mo rẹ ẹ́ láti àná, ó sùn nínú omi, ó jí, mo fi ọwọ́ fà á, kò ya. Mo da omi sí i, mo rà á bí Màámi ṣe ń rà á, mo ń ṣe é léraléra, ó wà bó ṣe wà. Mo jókòó sórí àpò fúláwà nílé búrẹ́dì, mo sunkún, Bàbá Peculiar sáré wá, wọ́n rò pé ẹnì kan ti kú. Mo gé ègé kan fi ránṣẹ́ sí Dókítà Bọ́látitó pé kí wọ́n gbé e sínú àwo ìdánwò, mo kó ìyókù sínú báàgì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta ni Jamaldeen pè. Ó ní Màámi ń pe òun ní orúkọ bàbá wa. Mọ́tò tí òun pè ti dé iwájú ilé.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kẹjọ

Òṣogbo. Mo yọ aṣọ náà jáde fún dókítà. Mo sọ bí ó ṣe ń pa kòkòrò, mo sọ pé omi kò ràn án mọ́. Ó gbà á, ó gbé e síwájú iná, ó wò ó dáadáa. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo fẹ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kí n lè rí ẹni bínú sí.

"Ó dáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n egbò ni wọ́n ń fi èyí wò. Èyí tó wà lára Màámi kì í ṣe egbò mọ́. Ẹsẹ̀ náà ti kú."

Màámi ní kí n bá àwọn tẹ ìka sí ìwé tó gbà kí wọ́n gé e, ojú àwọn ń ṣú.

Jímọ̀, 29 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n gé e. Nísàlẹ̀ orúnkún.

Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹjọ

Dókítà Bọ́látitó fi àwòrán ránṣẹ́. Òrùka náà yọ, ó fẹ̀ ju gbogbo èyí tí a ti wọ̀n rí lọ, lẹ́yìn omi àti iná. Wọ́n ní irú èyí ni wọ́n máa ń fún ènìyàn ní oyè lé lórí. Nígbà tó yá wọ́n tún kọ pé kí n má bínú, àwọn kò rántí béèrè ìyá mi. Mo ní kò burú, mà. Mo wo àwòrán náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo pa á rẹ́.

Àìkú, 31 Oṣù Kẹjọ

Ọsibítù bi wá bóyá a máa gbé ẹsẹ̀ náà lọ. Alfa Gàníyù ní kí a gbé e, ara Mùsùlùmí ni, kí a wé e sínú aṣọ mímọ́, kí a sin ín, kò ní ìrun òkú. Wọ́n fún wa nínú ọ̀rá dúdú. Jamaldeen gbé e sínú báàgì tó ń kó irinṣẹ́ táìsì sí. Ìyá Ìsmáílà, aládùúgbò wa, dúró ti Màámi. Ní gáréèjì, awakọ̀ ní kí Jamaldeen gbé ẹrù sí búùtù, ó ní rárá, ó gbé e lé itan títí a fi dé Ẹ̀jìgbò. Ẹsẹ̀ Màámi ṣáájú wọn délé.

Jamaldeen gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Bàbá wa. Mo ní kó dúró kí a tó wé e. Mo tú ọ̀rá. Ó tutù, ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Láàlì Iléyá ṣì kù létí èékánná. Mo yọ aṣọ kúrò nínú báàgì mi, gbogbo rẹ̀, mo fi bo egbò náà bí mo ṣe máa ń ṣe é, mo tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má ṣí. Jamaldeen yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A wá fi tẹ́tẹ́rọ́ọ̀nù funfun wé e, a gbé e sílẹ̀, a bò ó.

Ìyá Ìsmáílà pè, ó ní Màámi ti lajú, wọ́n fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ohùn wọn lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó já gaara.

"Ṣé ẹ ti sin ín?"

"A ti sin ín, Màámi."

"Níbo?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn kọjá lọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ má gbin nǹkan kan síbẹ̀ o. Ẹ fi àyè tó kù sílẹ̀ fún mi."

Mo ní mo ti gbọ́. Jamaldeen gbọ́ ohùn wọn láti ibi tó dúró sí. Ó wo ilẹ̀ tó kù láàárín ibẹ̀ àti ògiri, ó ní yóò gbà wọ́n.